Bí ẹ ṣe lè rí rèsístọ̀ carbon film àtijọ́ tó dára fún áńpílífáyà gìtá

Ẹ ti fi oṣù méjì jókòó ti iṣẹ́ náà. Gbogbo wáyà ti wọ ibi tó yẹ, lẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi lẹ̀ wọ́n ń dán, fáàfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jókòó sáàyè wọn. Ẹ tan án, ẹ dúró kí ó gbóná, ni ẹ bá gbọ́ "shíííí", bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn gìtá, nǹkan ti ń ta "pá, pápá" nínú sípíkà. Ẹ pààrọ̀ fáàfù, ariwo kò lọ. Ẹ pààrọ̀ kàpásítọ̀, kò lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àpò rèsístọ̀ (ohun kékeré tó ń dín iná tó ń ṣàn kù) àtijọ́ tí ẹ fi owó iyebíye rà ni ariwo náà ti ń wá.

Rèsístọ̀ àtijọ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Àwa la fi ojú rà á, tí a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ yàn án, tí a kò wọ̀n ọ́n kí a tó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí a sì gbé e lọ síbi tí kò yẹ kó dé rárá. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n dáadáa, tó sì mọ ibi tí yóò fi í sí, yóò rí ohun tó ń wá.

JTM45, áńpílífáyà gìtá onífáàfù ti Marshall, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Sẹ́kíìtì rẹ̀ sún mọ́ ti áńpílífáyà Fender Bassman 5F6-A gan-an, nítorí náà ẹni tó ń ṣe Bassman náà lè bá wa lọ. Àwọn carbon film tí àwọn tó ń ṣe Marshall ayé àtijọ́ máa ń wá jù ni Piher, tí wọ́n ṣe ní Spéìn, àti Iskra, tí wọ́n ṣe ní Yugoslavia, ní agbègbè tó ti di Slovenia báyìí.

Ohun tí ẹ nílò

- Mítà onínọ́ńbà tó lè wọn óòmù (ìwọ̀n rèsístọ̀) kọjá 2M (k jẹ́ ẹgbẹ̀rún óòmù, M jẹ́ mílíọ̀nù), pẹ̀lú bátìrì tuntun nínú.
- Rèsístọ̀ metal film (tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe dípò kábọ̀nù) tuntun mẹ́ta tó jẹ́ 1%: 1k, 100k àti 1M. Àwọn la ó fi yẹ mítà wò.
- Wáyà mítà méjì tó ní kílíìpù elẹ́nu ọ̀nì lórí.
- Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun.
- Òòfà kékeré kan, àti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.
- Sáńpépà tó kúnná.
- Àpò ọ̀rá kéékèèké tó ṣeé dì pa, pẹ̀lú àwọn pádì tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun.
- Àwòrán sẹ́kíìtì áńpílífáyà tí ẹ fẹ́ ṣe, ìwé àti bírò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ibi tí rèsístọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó kí ẹ tó ra ẹyọ kan

Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé ọlọ́jà kankan. Ẹ tẹ́ àwòrán sẹ́kíìtì sílẹ̀, kí ẹ kọ rèsístọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀: iye óòmù rẹ̀, iye wáàtì rẹ̀, ibi tó wà, àti fóòtì tí yóò máa wà lórí rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín wọn sí agbọ̀n mẹ́ta.

Agbọ̀n kìíní ni ti àwọn tó lè jẹ́ àtijọ́ láìsí ewu. Nínú JTM45, ibẹ̀ ni 270k méjì tó ń da ẹnu ọ̀nà méjèèjì pọ̀ wà, pẹ̀lú 100k tó wà lórí plate (ẹsẹ̀ tí ohùn ti ń jáde) fáàfù kejì, 56k inú tone (ibi tí a ti ń yí ohùn), 27k tó ń dá ohùn padà láti ẹ̀yìn, àti 82k pẹ̀lú 100k tó wà lórí plate phase inverter (fáàfù tó ń pín ohùn sí méjì fún àwọn fáàfù ńlá). Ohùn ti lágbára kó tó dé àwọn ibí yìí, ìró kékeré tí rèsístọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá kò sì ní hàn.

Agbọ̀n kejì ni ti fáàfù àkọ́kọ́: 100k méjì tó wà lórí plate rẹ̀, 820 tó wà lábẹ́ cathode (ẹsẹ̀ tó dojú kọ plate nínú fáàfù) rẹ̀, 68k àti 1M ẹnu ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá dún níbí, gbogbo ìyókù áńpílífáyà ni yóò máa sọ ọ́ di ńlá. Rèsístọ̀ tí fóòtì DC dúró lórí rẹ̀ máa ń dá ariwo tirẹ̀ kún èyí tí ooru ń dá lára gbogbo rèsístọ̀. Ariwo náà pọ̀ jù lára carbon composition (Ìgbésẹ̀ 2 yóò ṣàlàyé rẹ̀), ó kéré díẹ̀ lára carbon film, ó sì kéré jù lára metal film. Bí fóòtì ṣe ń pọ̀ sí i lórí rẹ̀ ni ariwo náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, àwọn 100k méjì yẹn ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ní tèmi, metal film tuntun ni mo ń fi síbẹ̀ bí áńpílífáyà náà bá jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ fi gba ohùn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí inú rẹ̀ jọ ti ìgbà náà pátápátá, ẹ fi àtijọ́ sí i, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó dákẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí ẹ rà.

Agbọ̀n kẹta ni ti àwọn tí kò gbọdọ̀ jẹ́ carbon àtijọ́ láé: gbogbo rèsístọ̀ inú bias (fóòtì òdì tó ń di àwọn fáàfù ńlá mú), ti screen (grid kejì inú fáàfù ńlá), àwọn tó ń já fóòtì kù láti páwà, àti 220k méjì tó ń gbé bias lọ sí grid (ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọlé) àwọn fáàfù ńlá. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí rèsístọ̀ bias bá já lójijì, fóòtì òdì tó ń di fáàfù mú ti lọ nìyẹn. Plate yóò pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, fáàfù yóò lọ, ó sì lè mú transfọ́mà àbájáde lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí 220k bá sì ti gòkè di 300k láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, fáàfù ńlá lè bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná. Nínú Fender Deluxe 5E3, 250 óòmù oníwáàtì 5 tó wà lábẹ́ cathode àwọn 6V6 náà wà nínú agbọ̀n yìí. Metal film àti wirewound (tí wọ́n fi wáyà lọ́) tuntun ni kí ẹ rà fún gbogbo wọn. Owó kékeré ni.

Ní ti wáàtì, ẹ fi fóòtì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (fóòtì × fóòtì), kí ẹ wá fi iye óòmù pín in. Bí 150 fóòtì bá wà lórí 100k, ohun tí ẹ ó rí ni 0.225 wáàtì. Onídàá-mẹ́rin wáàtì ti dé bèbè nìyẹn, onídàájì wáàtì ló yẹ ẹ́. 100k tó wà lábẹ́ cathode follower (ìdajì fáàfù kejì tó ń ti ohùn lọ sí tone) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: bí fóòtì orí rẹ̀ bá jẹ́ 180, ó ti di 0.324 wáàtì, oníwáàtì 1 ni mo sì máa ń fi síbẹ̀. Ẹ rántí pé rèsístọ̀ ní òpin fóòtì tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ carbon film onídàájì wáàtì kò gbọdọ̀ rí ju 350 fóòtì lọ, onídàá-mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju 250.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: àwọn ènìyàn máa ń ra àpò tí wọ́n ti di gbogbo iye pọ̀ sínú rẹ̀, nítorí ó dà bíi pé ó dín owó. Tí ẹ bá tú u, 3.9k àti 12k ló kún inú rẹ̀, 100k kò sì ju mẹ́ta lọ. Ẹ ra ohun tó wà lórí ìwé yín. Fún ààyè kan tó jẹ́ 100k sókè, ẹ ra mẹ́ta, torí pé àwọn iye ńlá ló ń yí padà jù. Fún èyí tó wà lábẹ́ 10k, méjì tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gbogbo ìlà lórí ìwé yín gbọ́dọ̀ ní agbọ̀n, wáàtì àti fóòtì. Bí ẹ bá ka gbogbo rèsístọ̀ ọ̀nà ohùn nínú JTM45, wọn kò ju nǹkan bíi 25 lọ. Bí àtòjọ carbon yín bá ti di 40, ẹ ti kó ti agbọ̀n kẹta mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ojú ohun tí ẹ ń wá

Oríṣi méjì ni àwọn ọlọ́jà máa ń pè ní "carbon àtijọ́", wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Carbon composition jẹ́ kábọ̀nù tí wọ́n lọ̀ mọ́ ohun tó ń dì í, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di òpó kan ṣoṣo. Ara rẹ̀ dọ́gba láti orí dé ìdí, etí rẹ̀ mú bíi ti ṣọ́ọ̀kì tuntun, ó sì sábà máa ń jẹ́ búráùn. Allen-Bradley ni wọ́n mọ̀ jù, inú Fender ayé àtijọ́ ni ẹ ó sì ti bá a. Carbon film ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀pá seramíìkì kékeré tí wọ́n fi kábọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí wọ́n wá gé kábọ̀nù náà yípo bí okùn tó lọ́ mọ́ igi. Ìdérí irin kékeré wà ní ìkángun méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kí orí àti ìdí rẹ̀ máa wú ju àárín lọ, bí egungun. Piher àti Iskra wà nínú ìdílé yìí, ara wọn sì sábà máa ń wà láàárín àwọ̀ iyanrìn àti búráùn.

Àwọ̀ ara nìkan kò tó ṣe ẹ̀rí. Carbon film tuntun tí wọ́n ń ṣe lónìí náà ní àwọ̀ iyanrìn. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn rèsístọ̀ pupa láti Rọ́ṣíà tí wọ́n kọ MLT sí lára: metal film ni wọ́n. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà ń pè wọ́n.

Bí ẹ bá ń ra ti àwọn ológun Amẹ́ríkà, lẹ́tà tó wà lára páálí yóò ràn yín lọ́wọ́. RC tàbí RCR ni carbon composition, RN ni film, ẹ má ṣe gba èkejì bí ẹ bá sanwó àkọ́kọ́. RC07 jẹ́ onídàá-mẹ́rin wáàtì, RC20 onídàájì, RC32 oníwáàtì 1, RC42 oníwáàtì 2. Nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni iye: 104 jẹ́ 10 pẹ̀lú òdo mẹ́rin, ìyẹn 100k. J túmọ̀ sí 5%, K sí 10%. Bí ìlà àwọ̀ karùn-ún bá wà lára irú èyí, kì í ṣe ara iye. Ó ń sọ bí ó ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó ni, ẹ má kà á mọ́ óòmù.

Fún àwọn tí kò tíì há àwọ̀ sórí: dúdú 0, búráùn 1, pupa 2, àwọ̀ ọsàn 3, ìyeyè 4, àwọ̀ ewé 5, búlúù 6, àlùkò 7, eérú 8, funfun 9. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà, ìkẹta ni iye òdo tó tẹ̀lé wọn. Ìlà kẹrin tó bá jẹ́ góòlù jẹ́ 5%, fàdákà jẹ́ 10%, bí kò bá sí ìlà níbẹ̀, 20% ni.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: 820 óòmù jẹ́ eérú, pupa, búráùn. 82k jẹ́ eérú, pupa, àwọ̀ ọsàn. Nínú JTM45, a ń lo méjèèjì. Lára rèsístọ̀ tó ti pé ọdún 50, ooru àti eruku ti sọ àwọ̀ ọsàn di ohun tó fẹ́ jọ búráùn, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè a sì tún da ojú rú. Mo ti rí áńpílífáyà tí wọ́n fi 82k sábẹ́ cathode, tí ẹni tó ṣe é sì fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìdí tí kò fi dún. Mítà ló ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú rèsístọ̀ mẹ́wàá láti inú rédíò tó ti bàjẹ́, kí ẹ ka iye wọn lójú, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ tó fi mítà wọ̀n wọ́n. Bí ẹ bá ṣìnà ju ẹyọ kan lọ, ẹ tún un ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá a lọ síbi tó wà

Èyí tó dára jù ni èyí tó jẹ́ àtijọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Fún Iskra, ẹ wo àwọn ọlọ́jà tó wà ní Slovenia, Croatia àti Serbia lórí eBay. Ẹrù ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ló ṣẹ́ kù sí ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Fún Piher, ẹ wo Spéìn. Fún Allen-Bradley, àwọn tó ń ta ẹrù àjẹkù ológun ní Amẹ́ríkà ni. Àwọn tó ń ta ohun èlò orin lórí Reverb, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà máa ń ní díẹ̀, àmọ́ owó tiwọn máa ń ga, torí pé wọ́n ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń ta ẹrù ilé-iṣẹ́ rédíò lásán kò ní fi orúkọ Marshall sí àkọlé ọjà rẹ̀, nítorí náà ẹ fi iye àti wáàtì wá a, ẹ má fi orúkọ áńpílífáyà wá a.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ ọlọ́jà:

- Kí ó ya fọ́tò ẹrù náà gan-an, pẹ̀lú páálí tàbí téèpù tó wà lára rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ ti rí lójú ìwé ọlọ́jà mìíràn kò ṣe ẹ̀rí.
- Kí ó wọn márùn-ún tó bá mú láìṣà, kí ó sì kọ iye tí mítà sọ.
- Kí ó sọ bóyá ẹsẹ̀ wọn gùn tán tàbí wọ́n ti gé e.
- Kí ó sọ bóyá yóò gbà á padà bí iye rẹ̀ bá ti kọjá ohun tí ìlà kẹrin sọ.

Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbínú, ẹ bá a dòwò. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra ọgọ́rùn-ún ẹyọ 1M lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò dáhùn ìbéèrè kejì. Nígbà tí wọ́n dé, èyí tó kéré jù jẹ́ 1.3M. Wọ́n ṣì wà nínú agolo kan lábẹ́ tábìlì mi.

Bí ẹ bá wà nílé, ẹ má ṣe fojú kéré àwọn bàbá tó ń tún rédíò ṣe láti ìgbà onífáàfù, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí ibikíbi tí irú wọn bá kù sí. Agolo mílíìkì àti gáàlọ́ọ̀nù ọ̀dà tó wà lẹ́yìn ìjókòó wọn lè ní ohun tí ẹ ń wá lókè òkun. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn wọn, ẹ má sì fi ìkánjú tú ẹrù wọn. Rédíògíráàmù tó ti kú náà wúlò: ọ̀nà ohùn inú rẹ̀ ń lo 100k, 220k, 470k àti 1M gẹ́gẹ́ bíi ti áńpílífáyà gìtá. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ooru àti ọ̀rinrin, nítorí náà bí ẹ bá rí mẹ́ta tó dára nínú mẹ́wàá, ẹ dúpẹ́. Èyí tó ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe, ẹ má tú u.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: kí ẹ tó kan inú rédíò onífáàfù, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ dúró, lẹ́yìn náà kí ẹ fi rèsístọ̀ 10k oníwáàtì 5 tó ní ìdìmú tí kò ń gbé iná kan ẹsẹ̀ méjèèjì kàpásítọ̀ ńlá, kí ẹ sì fi mítà rí i pé fóòtì ti dé òdo. Iná tó kù nínú wọn lè pa ènìyàn. Bí ẹ bá sì ń yọ rèsístọ̀, ẹ fi píláyà gé ẹsẹ̀ rẹ̀ síbi tó sún mọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ọ, torí ooru lè yí iye rẹ̀ padà títí láé.

Ní ti gbígbé e wálé, gbogbo rèsístọ̀ áńpílífáyà kan kò wúwo ju lẹ́tà lọ. Ẹ kó gbogbo iye tí ẹ fẹ́ jọ sọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan ní London, kí ẹni tó ń bọ̀ wálé bá yín mú un bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni rèsístọ̀ inú páálí kan náà rí.

Ẹ kọ́kọ́ wọn rèsístọ̀ 1% mẹ́ta yẹn. Bí mítà bá ka 100k sí 99k tàbí 101k, ó tọ́. Bó bá ka á sí 104k, mítà tàbí bátìrì rẹ̀ ló ní àìsàn, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kílíìpù mú ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìka di ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ irin mítà, ara wọn á sì di rèsístọ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí 820 óòmù, kò hàn. Lórí 1M, ẹ ó ka iye tó kéré jù, ẹ ó sì rò pé rèsístọ̀ tó ti gòkè ṣì dára.

Ẹ ka iye, ẹ kọ ọ́. Kí ẹ tó tú u kúrò, ẹ fi ìka kan ti ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń fò, ìdérí irin ti tú lára seramíìkì. Ẹ jù ú nù, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó. Irú rẹ̀ ló máa ń ta "pápá" nínú sípíkà lọ́jọ́ òde.

Ìwọ̀n tí mo ń gbà: fún plate, 5%. Fún 270k àti 1M, mo lè gbà dé 10%. Fún 82k àti 100k ti phase inverter, ohun tí mo ń wò jù ni bí wọ́n ṣe rí sí ara wọn. 84k pẹ̀lú 102k dára ju 90k pẹ̀lú 97k lọ, torí méjì àkọ́kọ́ gòkè pọ̀, èkejì ti fẹ́ dọ́gba, ohùn tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù ńlá méjèèjì kò sì ní jẹ́ bákan náà mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún márùn-ún wọ̀n. Iye wọn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àná.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ooru dán an wò

Tí mo bá ní kí ẹ mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, òun nìyí. Ó ń sọ bóyá carbon film ni lóòótọ́, ó sì ń tú àwọn aláìsàn tó fara pamọ́ síta.

Ẹ fi kílíìpù mú 100k kan, ẹ kọ iye rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun sí nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí i, kí ẹ fẹ́ ooru sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Óòmù carbon film máa ń lọ sílẹ̀ bí ó bá gbóná. Lórí 100k, ẹ lè rí i kí ó já nǹkan bíi 1k sí 2k, láìfò. Metal film kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, ọgọ́rùn-ún óòmù mélòó kan ni yóò yí. Ẹni tó bá ta "Piher 1968" fún yín tí nọ́ńbà rẹ̀ sì dúró gbagidi nínú ooru, ó ti kun metal film ní ọ̀dà nìyẹn.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò padà, tàbí tó ń fò sókè sódò bó ti ń gbóná, kò gbọdọ̀ wọ inú áńpílífáyà.

Ẹ fi òòfà kan ṣóńṣó ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ rèsístọ̀ olówó pọ́ọ́kú òde òní ní irin nínú ẹsẹ̀, òòfà yóò fà á. Ẹ má ṣe kàn án mọ́ orí rẹ̀, torí ìdérí inú rẹ̀ lè jẹ́ irin láti ayébáyé. Ẹ̀rí kékeré ni èyí jẹ́. Ooru ni adájọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi orúkọ sí i, ẹ dì í

Ẹ fi rèsístọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àpò ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ iye tí mítà sọ àti ibi tí yóò jókòó sára àpò. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ jù lọ nínú ooru ni ti fáàfù àkọ́kọ́. Ẹ fi pádì tó ń fa ọ̀rinrin sínú páálí ńlá tó kó gbogbo wọn. Ní ìgbà òjò nílẹ̀ wa, carbon composition tí ẹ bá fi sílẹ̀ lásán yóò fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra, iye rẹ̀ yóò sì gòkè.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ láìpa á

Ẹsẹ̀ tó ti dúdú kò ní gba lẹ́ẹ̀dì. Ohun tí a ń ṣe nígbà náà ni kí a fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbà, ibẹ̀ ni a ti ń pa á. Ẹ fi sáńpépà fọ ẹsẹ̀ kó máa dán, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ pa á lára, kí ẹ tó kó o sórí pátákó.

Bí ẹ bá ń tẹ ẹsẹ̀, ẹ fi píláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un láàárín ara rèsístọ̀ àti ibi tí ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kó má baà jẹ́ ìdérí ni ó ń ru agbára náà. Ẹ fi kílíìpù elẹ́nu ọ̀nì há ẹsẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ibi tí áyọ́ọ̀nù yóò kàn, kí ó máa gba ooru. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sàn ju èyí tó tutù fún mẹ́wàá lọ. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín pátákó àti àwọn oníwáàtì 1.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó so àwọn wáyà yòókù mọ́ ọn, ẹ tún wọn rèsístọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí pátákó, kí ẹ fi wé ohun tó wà lára àpò rẹ̀. Èyí tó yí ju 2% lọ, ooru ti ṣe é léṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tan án, kí ẹ jẹ́ kí fóòtì sọ̀rọ̀

Ẹ rí i pé sípíkà wà lára rẹ̀, torí transfọ́mà àbájáde lè jó bí kò bá sí. Ẹ fi ọwọ́ kan sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń wọn fóòtì, kí mítà sì wà lórí 1000 fóòtì DC.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fáàfù àkọ́kọ́. Ẹ wọn fóòtì tó wà lórí 100k kọ̀ọ̀kan láti ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ká ní ẹ rí 90 fóòtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 0.9 mA (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ló ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá, 1.8 mA ni àpapọ̀. Nínú JTM45, 820 kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, nítorí náà ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 1.48 fóòtì lórí rẹ̀. Bí ìṣirò náà kò bá bára mu, tí ẹ sì ti lo iye gidi tó wà lára àpò, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yí padà lẹ́yìn lẹ́ẹ̀dì.

Bí ariwo bá wà, ẹ yí fólúùmù méjèèjì sí òdo. Bó bá dákẹ́, àwọn 100k fáàfù àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá dákẹ́, ẹ pa á, ẹ yọ fáàfù kejì, ẹ tún tan án. Bó bá dákẹ́ báyìí, ẹ̀gbẹ́ fáàfù kejì ló wà. Bó bá ṣì ń ta, ẹ lọ sí 82k àti 100k ti phase inverter. Igi gbígbẹ tó tín-ín-rín ni kí ẹ fi máa ti rèsístọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí iná wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá dáhùn ni ẹ ó yọ. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ fáàfù àti lẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fólúùmù ní ìdajì, láìsí gìtá lára rẹ̀, kí ẹ tún wọn àwọn fóòtì náà. Níbi tí iná ìjọba ti ń lọ sókè sódò, ẹ wọn fóòtì páwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà méjèèjì: bí páwà bá já ní 3%, tí plate náà sì já ní nǹkan bíi 3%, rèsístọ̀ yín kò ṣe nǹkan kan. Bí plate nìkan bá yí, ẹ wá 100k rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà náà sórí ìwé pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí áńpílífáyà náà, níbi tí ẹni tó bá tún ṣí i yóò ti rí i.